Ọ̀dà Funfun Kọ́ Ló Ń Mú Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Kékeré Fẹ̀

Ẹni tó bá ti fẹ́ tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré ìsàlẹ̀ ilé ṣe, ìmọ̀ràn kan náà ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn: "Ẹ kùn ún ní funfun o, kó lè fẹ̀ lójú." Akunlé á sọ ọ́, ẹni tó ń ta ọ̀dà á sọ ọ́, àlejò tó kàn yọjú wo iṣẹ́ á tún un sọ. Ó ti wá dà bí òfin tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìdí rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá tóóró tí kò ní fèrèsé, ọ̀dà funfun kì í fi àyè kankan kún àyè, ó sì sábà máa ń jẹ́ kí ibẹ̀ rí bíi pé wọ́n kùn ún sílẹ̀ tí wọn ò padà wá parí rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí yàrá náà há mọ́ni wà níbòmíràn, ibẹ̀ ló sì yẹ ká kọ́kọ́ náwó sí.

Ìgbàgbọ́ yìí ní orísun, mi ò ní sọ pé kò ní. Ọ̀dà tó funfun dáadáa lè dá nǹkan bíi 80 sí 90 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á padà, nígbà tí àwọ̀ aró tó ki lè má dá ju 10 lọ padà. Nínú pálọ̀ tí fèrèsé ńlá wà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á wọlé, á ba ògiri kan, á ta padà sí èkejì, títí gbogbo ibẹ̀ á fi mọ́ kedere. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn funfun ti wúlò, mo sì fara mọ́ ọn níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀dà kì í dá ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó bá rí gbà ló ń dá padà. Bí ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú yàrá bá kéré, ohun tí funfun máa dá padà kò lè pọ̀.

Ẹ wọ inú irú yàrá bẹ́ẹ̀, kí ẹ fara balẹ̀ wò ó. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà láàárín àjà. Ibi tó sún mọ́ ọn jù lọ lára ògiri nìkan ló funfun ní tòótọ́. Bí ojú bá ti sọ̀kalẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi, funfun ti di àwọ̀ eérú. Ní igun méjèèjì tó wà lẹ́yìn àga ìgbọ̀nsẹ̀, eérú náà ti ṣú. Ipa ìka hàn yí súìṣì ká, omi tó ń ta láti síǹkì sì ti gbẹ sára ògiri, ó fi àpá sílẹ̀. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kun ògiri náà, ṣùgbọ́n ojú ń rí àwọ̀ mẹ́rin márùn-ún lára rẹ̀, òjìji sì fa ìlà gbọọrọ sí gbogbo oríkèé ibi tí ògiri ti pàdé ògiri. Òjìji yẹn gan-an ló ń sọ fún wa pé ògiri ti dé imú.

Ohun kejì tún wà tí funfun ń bà jẹ́. Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, jẹ́ olórí ẹ̀ka aró rírẹ ní ilé iṣẹ́ Gobelins ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ń bo ògiri. Wọ́n fẹjọ́ sùn ún pé òwú dúdú tí wọ́n ń rẹ níbẹ̀ kò dúdú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò sóhun tó ṣe aró. Àwọn òwú aláwọ̀ mìíràn tí wọ́n hun mọ́ ẹ̀gbẹ́ dúdú náà ló ń jẹ́ kó dà bíi pé kò dúdú tó. Ní 1839 ló tẹ àlàyé rẹ̀ jáde: àwọ̀ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ló ń pinnu bí a ṣe máa rí i.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Síǹkì àti àga ìgbọ̀nsẹ̀ sábà máa ń funfun, funfun wọn sì jẹ́ ti amọ̀ tí wọ́n fi iná sun tó ń dán. Ó ṣòro kí ọ̀dà kankan tó bá a mu gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá kó méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan nínú wọn á dà bíi pé ó dọ̀tí, ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ fọ̀ ọ́ tán nìyẹn. Ẹ wá gbé síǹkì kan náà sí iwájú ògiri aró, tàbí ewé tó ṣú, tàbí pupa bíi ti bíríkì. Ojú ẹsẹ̀ ló máa funfun báláú. Ẹ kò pààrọ̀ ohun kankan ju ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Mi ò wá sọ pé kí gbogbo èèyàn sá lọ ra ọ̀dà dúdú. Àwọ̀ tó ṣú kì í fẹ yàrá, òun náà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń gbé òjìji mì. Nígbà tí ògiri bá ti ṣú díẹ̀, òjìji inú igun kì í hàn lára rẹ̀ mọ́, ojú kì í sì í rí ìlà tó máa fi díwọ̀n ibi tí ògiri parí sí. Ohun tó sì ń mú kí ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ má fi funfun gé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kun ògiri ní aró, wọ́n á wá fi àjà, férémù ilẹ̀kùn àti pákó ẹsẹ̀ ògiri sílẹ̀ ní funfun. Ìlà tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ ni wọ́n tún fà sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn, àjà á sì dà bíi pé ó sọ̀kalẹ̀ sórí ẹni. Ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ kan náà, títí kan ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ abẹ́ àtẹ̀gùn ni yàrá náà wà, tí àjà rẹ̀ lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ìwúlò rẹ̀ jù lọ. Ìlà tó dagun láàárín ògiri àti àjà, tó máa ń jẹ́ kí irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, kò ní sí mọ́.

Wọ́n á ní àwọ̀ tó ṣú máa jẹ́ kí òkùnkùn pọ̀. Òótọ́ ni, bí ẹ bá fi gílóòbù kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìmọ́lẹ̀ kan láàárín àjà kò dára fún funfun, kò sì dára fún aró. Orí ẹni tó dúró níwájú dígí ló máa kọ́kọ́ bà, òjìji orí rẹ̀ á sì bọ́ sí ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníná gbé iná méjì sí ẹ̀gbẹ́ dígí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ní ìwọ̀n ibi tí ojú èèyàn máa wà. Tí àyè kò bá gba méjì, kí ó gbé ọ̀kan sókè dígí. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí gílóòbù: lumen ni ẹ máa fi mọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, nǹkan bíi 800 ló sì bá gílóòbù 60 watt àtijọ́ dọ́gba. Kelvin ni ẹ máa fi mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà. 2700 sí 3000 ló tu ojú lára, ara èèyàn sì ń dán nínú rẹ̀. Àwọn tó ga jù bẹ́ẹ̀, bíi 6500, ń jẹ́ kí ojú èèyàn rí bíi ti aláìsàn, inú yàrá funfun ló sì ti burú jù.

Dígí ńkọ́? Òun ní tirẹ̀ ń ṣe ohun tí wọ́n purọ́ mọ́ ọ̀dà funfun. Kì í ṣe dígí kékeré tó dà bí àwo o. Ẹ gbé èyí tó gba gbogbo àyè tí iná bá ṣẹ́ kù lára ògiri lókè síǹkì, tó bẹ̀rẹ̀ lórí síǹkì tó sì gòkè dé ibi tó bá lè dé. Ẹ kàn rí i dájú pé kò dojú kọ àga ìgbọ̀nsẹ̀ tààrà, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ máa wo ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku ohun tó ń jẹ àyè ní ti gidi. Ká sọ pé yàrá náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 ní ìbú àti 150 ní gígùn. Ilẹ̀kùn 70 tó ń ṣí sínú yóò máa gbá ilẹ̀ yìí bó ṣe ń yí, ibi tó sì ń gbá ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ilẹ̀ náà lọ. Ẹ kò lè gbé ohunkóhun síbẹ̀, ẹni tó wọlé sì ní láti fara gbún ògiri kó tó lè pa á dé. Ẹ ní kí káfíńtà yí i padà kó máa ṣí síta. Iṣẹ́ yìí nìkan ń fún yín ní àyè tí agolo ọ̀dà kankan kò lè fún yín. Ó tún ní àǹfààní mìíràn tó ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ: bí ara ẹnì kan kò bá yá, tó ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, àwọn tó fẹ́ gbà á là kò ní lè tì í. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta kò bá gba ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta, èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà, àmọ́ kò dí ohùn mọ́ inú dáadáa, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yàn án.

Síǹkì ló tẹ̀ lé e. Èyí tó jáde láti ara ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 40 yóò ṣẹ́ 50 kù fún èèyàn láti kọjá nínú yàrá tó jẹ́ 90. Èyí tó jáde ní 25 yóò ṣẹ́ 65 kù, ọwọ́ nìkan la sì wá fọ̀ níbẹ̀. Síǹkì igun náà wà. Ní ti àga ìgbọ̀nsẹ̀, òfin ilé kíkọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń lò sọ pé àyè tó wà níwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ínṣì 21, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 53, àti pé láti àárín rẹ̀ sí ògiri ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní ínṣì 15, ìyẹn 38. Ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ìwọ̀n tó dára láti fi wọn tiyín wò nìyẹn.

Ìgbàgbọ́ mìíràn fara pẹ́ ti funfun: pé táǹkì tí wọ́n fi pamọ́ sínú ògiri máa ń dá àyè sí. Ẹ wọ̀n ọ́n. Àga ìgbọ̀nsẹ̀ tí táǹkì rẹ̀ jókòó lé e lẹ́yìn sábà máa ń jáde ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70 láti ara ògiri. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri lè jáde ní bíi 50 sí 55, ṣùgbọ́n àpótí tí wọ́n kọ́ bo táǹkì rẹ̀ lè gba 15 sí 20 sí i. Ẹ ti padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, àfi tí irin tó gbé táǹkì náà dúró bá wọ inú ògiri fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣe tó dáa ni pé ilẹ̀ ń hàn lábẹ́ rẹ̀ títí dé ògiri, ìgbálẹ̀ sì lè dé ibẹ̀. Ìyẹn tó ìdí láti rà á. Kí púlọ́ńbà má ṣáà fi táìlì dí i pa: ó gbọ́dọ̀ ṣí ojú sílẹ̀ tí wọ́n máa gbà tún táǹkì ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí omi bá ń jò, òòlù ló máa parí ẹjọ́.

Ní ti táìlì, a kò fi dandan lo kékeré torí pé yàrá kéré. Bí táìlì bá ṣe kéré tó ni ìlà sìmẹ́ńtì àárín wọn ṣe máa pọ̀ tó. Èyí tó tóbi, tí ìlà rẹ̀ mọ níwọ̀n, ló máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ rí gbalaja. Ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú, kí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde lè rí èyí tó máa fà.

Bí yàrá tiyín bá ní fèrèsé tó dáa, tí ẹ sì fẹ́ràn funfun, ẹ kùn ún ní funfun. Kẹ́ ẹ sáà yan ọ̀dà tó ṣeé fọ̀, tó ń dán níwọ̀nba, torí omi síǹkì kò ní yé ta. Àwọ̀ yòówù kẹ́ ẹ yàn, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ ọ wò sára ògiri funfun, nítorí ohun tí Chevreul sọ náà ni: funfun tó yí i ká máa jẹ́ kó ṣú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rù á sì bà yín. Ẹ kun páálí ńlá kan látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sí igun tó ṣú jù lọ lẹ́yìn àga ìgbọ̀nsẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó pẹ̀lú gílóòbù tẹ́ ẹ máa lò gan-an. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ síǹkì, kẹ́ ẹ tún un wò. Bó bá ṣe rí ní ibi méjèèjì yẹn ni kẹ́ ẹ fi yàn, ẹ má fi bó ṣe rí lára káàdì tí ẹni tó ń ta ọ̀dà fún yín.