Ọkàn akin kò ní kí iṣẹ́ ọlọ́pàá má tán èèyàn lókun

Tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá bá délẹ̀ l'Ákùúrẹ́, yálà ní Ọjà Ọba tàbí nínú ọkọ̀, ẹ kò ní pẹ́ gbọ́ ọ: "Adigunjalè ló ń kó àárẹ̀ bá wọn. Ẹni tó bá láyà, kò lè sú u." Ọ̀pọ̀ ló gba èyí gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ewu wà, mi ò sẹ́. Ẹni tó fojú rí bí àwọn agbébọn ṣe pa àwọn olùjọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀ ní June 5, 2022 kò lè gbàgbé. Àmọ́ àwọn tó ti ń ṣèwádìí lórí ọlọ́pàá láti ọjọ́ pípẹ́ rí i pé nǹkan téṣàn fúnra rẹ̀ ń dá wọn lágara tó ìbọn: ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ni, ìgbéga tí kò dé, tiransífà òjijì, dúútì tí kò lópin.

Oorun ló ká mi lára jù. Lọ́dún 2011, ìwádìí kan jáde lórí ọlọ́pàá bí 5,000 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn ló ní ìṣòro oorun, àwọn wọ̀nyí ló sì ń bínú sódì sí afurasí jù, tí wọ́n ń ṣàṣìṣe, tí wọ́n ń sùn nídìí ọkọ̀. Ẹni tó bá ti lajú fún wákàtí 17, iyè rẹ̀ ti ń ṣe bíi tẹni tó mutí díẹ̀. Ẹ wá gbé ìbọn lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Òrè, ní ìdájí. Kí ni àyà líle fẹ́ ṣe sí i?

(Mi ò gbèjà ẹni tó ń gbá ọlọ́kadà létí tàbí tó ń gba rìbá. Kí òfin mú un.)

Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé àárẹ̀ yìí pé ibi iṣẹ́ ló ti ń wá: okun á tán, iṣẹ́ á di ìríra, èèyàn á sì máa rò pé òun ò wúlò mọ́. Ìsinmi ọjọ́ méjì kò lè wò ó, nígbà tó jẹ́ pé inú ohun kan náà ló ń padà sí. Ní July 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì wọ́de l'Ábújá nítorí owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ń wò wọ́n.

Ẹ̀yin ará bárékè, tí ọkọ tàbí ìyàwó yín bá dákẹ́ ju bó ṣe ń ṣe lọ, tí kò rí oorun sùn, ẹ má pè é ní ojo. Ẹ mú un lọ rí dókítà. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ orúkọ sí ìwé dúútì, ọwọ́ yín ni èyí tó pọ̀ jù wà: ẹni tó ṣọ́ òru mọ́jú, ẹ jẹ́ kó lọ sùn, ẹ má dá a padà sójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà.