Ta ló ní irọ́ ni gbogbo ìlérí ẹgbẹ́ òṣèlú Ìlú Ọba?

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìdìbò gbogbogbòò ti ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2024, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham ní London, nígbà tí a sì jẹun tán, ọ̀rọ̀ di ti òṣèlú. Àwọn kan ń gbè sẹ́yìn Sunak, olóòtú ìjọba ìgbà náà tó ń darí ẹgbẹ́ Conservative, àwọn kan ń gbè sẹ́yìn Starmer, olórí ẹgbẹ́ Labour, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá dá sí i, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, mà. Ìlérí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé yẹn, irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọlé tán, ó parí nìyẹn." Gbogbo ilé ní òótọ́ ló sọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yìí ní Ìlú Ọba, mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti sú mi.

Ohun tí mo fi ara mi rí ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1996, iṣẹ́ ọ́fíìsì nínù ni mò ń ṣe láàárín ìlú London. Bọ́ọ̀sì òru ni mo máa ń wọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, owó tí wọ́n sì ń san fún mi jẹ́ £2.80 fún wákàtí kan. Obìnrin ará Colombia tí a jọ ń nu àjà kan náà ń gba £2.60, nítorí pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi tí yóò fi lè jà fún ara rẹ̀. Kò sí òfin tó lè dá ọ̀gá wa dúró bí ó bá fẹ́ san £2 fún wa. Nígbà tí ìdìbò ọdún 1997 ń bọ̀, ẹgbẹ́ Labour tí Tony Blair ń darí kọ ọ́ sínú ìwé ìlérí (manifesto) tí wọ́n gbé jáde ṣáájú ìdìbò pé àwọn yóò fi òfin gbé iye owó-iṣẹ́ tó kéré jù lọ kalẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ Conservative tako o, wọ́n ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Alábòójútó wa náà ń tún un sọ lójoojúmọ́ pé bí òfin yẹn bá fi lè dé, ìdajì wa ni yóò padà sílé. Èmi alára rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìlérí omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná ni mo ti gbọ́ kí n tó kúrò nílé.

Wọ́n wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 1997. Ilé aṣòfin ṣe òfin náà ní 1998, nígbà tó sì di ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1999, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 22 kò gbọdọ̀ gbà ju bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ mọ́: £3.60 fún wákàtí kan. Ìwé owó-iṣẹ́ mi ti oṣù yẹn ṣì wà nínú àpótí kan nílé. Wákàtí 25 ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀, nítorí náà £20 ló wọlé lé orí ohun tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé ìlú yìí nígbà náà lè fi £20 ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni owó ọkọ̀ mi ti ń jáde, tí n ó sì tún ra iṣu ní Rye Lane. Ti obìnrin ará Colombia yẹn fi odindi £1 lé sí i lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹkún ló sun ní ibi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé ènìyàn níbòmíràn, n kò lè jẹ́rìí sí ìyẹn. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ẹgbẹ́ Conservative tó tako òfin náà ló padà wá gbé e ga, nítorí pé lábẹ́ George Osborne, mínísítà ètò ìṣúná wọn, ló di £7.20 fún ẹni ọdún 25 sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó ti di £12.21 fún ẹni ọdún 21 sókè. Ọmọ kékeré tí kò tíì lè rìn nígbà tí wọ́n kọ ìlérí yẹn ń jẹ nínú rẹ̀ lónìí, òun náà á sì jókòó síbi àríyá, á ní wọn kì í mú ìlérí ṣẹ.

Mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì wa. Mo bi í pé ọdún wo ló dé, ó ní 2021, ó ní físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lòun gbà. Mo ní, "Àbúrò, ta ló kọ́kọ́ ṣèlérí físà yẹn?" Kò mọ̀. Inú ìwé ìlérí ẹgbẹ́ Conservative ti ọdún 2019 ló wà, níbi tí wọ́n ti ní àwọn yóò ṣe físà tí yóò yá fún dókítà àti nọ́ọ̀sì tí NHS, àjọ ìlera ìjọba, nílò, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Ìwé kan náà ló ní àwọn yóò yọ orílẹ̀-èdè yìí kúrò nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, òun náà ló sì ṣèlérí ètò gbígba àwọn àjèjì wọ orílẹ̀-èdè tó dá lórí máàkì gbígbà, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí ọdún 2021 wọlé. Bóyá àwọn nǹkan wọ̀nyí dára tàbí wọn kò dára, ìyẹn yàtọ̀. N kò dìbò fún wọn. (Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò nígbà tí mo dìbò ní 1997, nítorí pé òfin gba ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé ibí láàyè láti dìbò, ohun tí ìdajì àwọn ará wa kò tíì mọ̀ títí di òní.)

Àwọn tí wọ́n ní olórí nìkan ló ṣe pàtàkì, kí wọ́n rántí Liz Truss. Ìwé ọdún 2019 sọ pé àwọn kò ní fọwọ́ sí fífọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀ láti wa gáàsì, àfi bí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bá fi hàn pé kò léwu. Truss di olóòtú ìjọba ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, kò sì pẹ́ tó fi ká òfin ìdènà náà kúrò. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn fárígá, wọ́n ní kì í ṣe ohun tí àwọn tọrọ ìbò lé lórí nìyẹn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá, ìdìbò lórí ọ̀rọ̀ náà di rúkèrúdò nílé aṣòfin. Ọjọ́ kejì ló kéde pé òun ń fi ipò sílẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ìṣúná owó rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ da ìjọba rẹ̀ rú. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí Sunak gorí àga, ó dá ìdènà náà padà sí bí ìwé ṣe wí. Olórí lọ, ìwé dúró. Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, ìyẹn ilé aṣòfin àgbà, pàápàá ti gbà láti ọdún 1945 pé àwọn kò ní da òfin tí ẹgbẹ́ tó wọlé ti kọ sínú ìwé ìlérí rẹ̀ nù, ta ni yóò sì bọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ fún irọ́ lásán?

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn: owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ Liberal Democrats ṣèlérí ní 2010 pé àwọn kò ní fọwọ́ sí àfikún owó, wọ́n bá Conservative wọ ìjọba àjùmọ̀ṣe, owó náà sì fò sókè dé £9,000 lọ́dún. Aṣòfin 57 ni wọ́n ní nígbà náà. Lẹ́yìn ìdìbò 2015, ó ku 8. Wọ́n á tún ní Conservative ṣèlérí pé iye àwọn tó ń ṣí wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí a bá ti yọ iye àwọn tó ń ṣí jáde, yóò dín sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́dún, kò sì ṣẹ. Ó dáa, kò ṣẹ. Ìlérí méjì yìí náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn, bí ẹni pé kò sí òmíràn nínú ìwé náà. Àwọn onímọ̀ tó jókòó ka ìlérí ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè 12 rí i pé ìjọba tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo dá ṣe ló ń mú tirẹ̀ ṣẹ jù, irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ló sì wọ́pọ̀ níbí.

Ohun tí ó yẹ kó máa bí wa nínú ni èyí tí wọn kò kọ. Owó orí ọjà (VAT) 20% lórí owó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni wà nínú ìwé Labour ti 2024, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn òbí kan tí mo mọ̀ sì ń kígbe bí ẹni pé wọ́n ká wọn mọ́lé lóru. Wọn kò ka ìwé ni. Ṣùgbọ́n kí oṣù keje ọdún 2024 yẹn tó parí, ìjọba tuntun kéde pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà kò ní gba owó ìrànwọ́ ìgbà òtútù mọ́. Ó di 2025 kí wọ́n tó yí ohùn padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, pè mí pé kí n bá òun wá ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo ka ìwé náà láti páálí dé páálí, mo sì tún un kà. Kò sí níbẹ̀.