Àjọ NCAA, Owó Gbà-má-bínú Èrò Bàálù Dà?

Ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí bílíọ̀nù 712 náírà fún àtúnṣe Tẹ́míná Kìíní ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, Ìkejà. Ilé náà fẹ́ àtúnṣe lóòótọ́, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí a ń bi Festus Keyamo, Mínísítà ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, àti NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìn-àjò bàálù ní Nàìjíríà, kò yàtọ̀ sí èyí tí a ti ń bi wọ́n tipẹ́: èrò tí bàálù rẹ̀ kò gbéra, tó sùn lórí báàgì rẹ̀ mọ́jú, ta ni ń gbèjà rẹ̀?

Òfin wà. Apá 19 nínú ìlànà NCAA là á yékéyéké. Bí àkókò ìgbéra bá kọjá, kí 30 ìṣẹ́jú tó pé, ó yẹ kí iléeṣẹ́ ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún èrò. Bí ìdádúró ìrìn-àjò òkè òkun bá ju wákàtí 2 lọ, ìpanu àti ìpè fóònù di dandan. Bó bá di òru, òtẹ́ẹ̀lì kàn án, pẹ̀lú ọkọ̀ tí yóò gbé èrò lọ tí yóò sì gbé e bọ̀. Bí wọ́n bá fagi lé ìrìn-àjò òkè òkun láìjẹ́ kí èrò gbọ́ ní ọjọ́ 7 ṣáájú, ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì ni gbà-má-bínú rẹ̀. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ ní káńtà lóru, kí ẹ wò ó bóyá òṣìṣẹ́ NCAA kan wà nítòsí tí ẹ lè ké sí.

Ẹ wo ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí bàálù iléeṣẹ́ Nàìjíríà bá ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, tó sì fi wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé Èkó, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kó san 520 pọ́n-ùn fún èrò kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kọjá agbára rẹ̀ nìkan ló lè yọ ọ́, irú bí ìgbà tí iná tó jó ilé mọ̀nàmọ́ná North Hyde ti pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù pa ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2025. “Ẹ̀rọ bàjẹ́” kì í sábà wọ ilé ẹjọ́ ibẹ̀ létí. Kí bàálù yẹn kan náà wá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òfin wọn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tiwa kò sì bu owó gbà-má-bínú lé ìdádúró. Ọmọ Nàìjíríà nínú bàálù Nàìjíríà, ilẹ̀ àjèjì ló ń gbà á sílẹ̀!

Àárín ọ̀nà ló tún le jù. Ẹni tó gba Frankfurt ní Jámánì lọ sí Toronto ní Kánádà, tí bàálù kejì já a sílẹ̀, wọn yóò fún un ní ìwé òtẹ́ẹ̀lì. Òtẹ́ẹ̀lì yẹn sì lè wà lẹ́yìn ibodè àwọn aṣọ́bodè, èrò náà kò sì ní físà Schengen, ìwé àṣẹ ìwọlé ilẹ̀ Yúróòpù, tí yóò fi jáde. Orí àga ni yóò sùn. Kí ó béèrè ibùsùn tó wà nínú pápákọ̀, tàbí kí wọ́n fi í sínú bàálù iléeṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀tọ́ yìí le nígbà tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ìrìn-àjò náà. Ẹni tó ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí owó pọ́ọ́kú, ọrùn ara rẹ̀ ni bàálù tó já a sílẹ̀ wà. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ èyí, wọn kì í sábà sọ ọ́, ó sì yẹ kí NCAA rí i dájú pé wọ́n ń sọ ọ́.

Kí èrò fi ìwé ìwọkọ̀ pamọ́, kí ó ya àwòrán pátákó tó ń fi àkókò hàn, kí ó gba rísíìtì gbogbo ohun tó bá rà, kí ó sì ní kí wọ́n kọ ìdí ìdádúró sílẹ̀. Bí ẹrù kò bá yọ, kí ó má kúrò nínú gbọ̀ngàn ẹrù láìgba fọ́ọ̀mù PIR, ìwé tí iléeṣẹ́ bàálù fi ń kọ ọ̀ràn ẹrù tó sọnù tàbí tó bàjẹ́ sílẹ̀. Ẹrù tó bàjẹ́, ọjọ́ 7 ni kí ó fi kọ̀wé. Èyí tó pẹ́ dé, ọjọ́ 21 lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Lábẹ́ àdéhùn Montreal, òfin àgbáyé lórí ìrìn-àjò bàálù, ọdún 2 péré ló ní láti pẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé tí èrò kó jọ kò lè ṣe iṣẹ́ àjọ fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, NCAA kéde pé òun ń bá iléeṣẹ́ bàálù 5 fà á lórí Apá 19, ọ̀kan láti òkè òkun, 4 láti ilé. Ìkéde náà ka iye wọn, kò dárúkọ wọn. Kí ni ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́la yóò fi iye ṣe? Ta ni wọ́n ń bò láṣìírí? Ó ti sú wa láti máa gbọ́ pé “ìwádìí ń lọ”.

Kí NCAA máa gbé orúkọ jáde lóṣooṣù: ta ló ṣẹ̀, èló ni ìtanràn, èló ló dé ọwọ́ èrò. Kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó lè pàṣẹ wà ní gbọ̀ngàn ìgbéra títí bàálù ìkẹyìn yóò fi lọ. Kí wọ́n sì tún Apá 19 ṣe, kí ìdádúró wákàtí 4 lè ní iye owó tirẹ̀. Oṣù 22 ni wọ́n dá fún àtúnṣe ilé, ṣùgbọ́n orúkọ iléeṣẹ́ 5 yẹn ti wà nínú fáìlì wọn. Kí wọ́n gbé e jáde kí ìrìn-àjò Kérésì tó bẹ̀rẹ̀.