Ọmọ Tí A Kò Kọ́, Ilé Tí A Kọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń kọ́ ilé, òun náà la fi ń kọ́ ọmọ. Ẹni tó jókòó lẹ́sẹ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ṣẹ́, "kọ́" yìí kan náà ló ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí òwe yìí fi máa ń dùn létí mi: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bàbá á fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó búlọ́ọ̀kù jọ, kò ní ráyè ọmọ. Wọn ò tíì ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán tí alágbàtà ilé á ti máa fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ilé nìkan ni òwe náà ń sọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí i pé ó kan ẹ̀rọ ìránṣọ.

Àdúgbò wa ló ti ṣẹlẹ̀. Olóṣèlú kan, tí n kò ní dárúkọ, kó ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun wá fún àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ta kánópì, wọ́n lu ìlù, wọ́n ya fọ́tò. "Ẹmpáwámẹ́ǹtì" ni wọ́n pè é. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi ń rí àwọn ẹ̀rọ náà lórí àtẹ lọ́jà, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn kò tíì ya. Àwọn èèyàn ń bú àwọn ọmọ náà pé aláìmoore ni wọ́n. Èmi ò bú wọn. Ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, kí ni kó fi ẹ̀rọ ṣe? Owó ló rí nínú irin yẹn, ó sì gbé e tà.

Kì í ṣe àdúgbò wa nìkan ló ń kọ́lé láìkọ́mọ. Reluwé tuntun ti ń sáré láàárín Èkó àti Ìbàdàn láti ọdún 2021, èbúté ńlá ti ṣí ní Lẹ́kí ní 2023. Lọ́hùn-ún ní Kẹ́ńyà, reluwé Mombasa sí Nairobi ti wà láti 2017. Irin àti sìmẹ́ǹtì ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń pọ̀ sí i. Tí a bá to gbogbo ará Áfíríkà lórí ìlà láti orí ọmọ ọwọ́ títí dé orí arúgbó, ẹni tó bá bọ́ sí àárín gan-an kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 19 lọ. Àwọn aṣèṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní a ó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5 ní ọdún 2050. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, tí oríkò rẹ̀ wà ní Abidjan, ní ọ̀dọ́ mílíọ̀nù 10 sí 12 ló ń jáde wá iṣẹ́ lọ́dọọdún, nígbà tí iṣẹ́ olówó oṣù tó ń ṣí sílẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 lọ. Ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àga kan.

Ìran tiwa ti rí irú rẹ̀ rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ kúrò ní ohun tó lé ní 450,000, wọ́n di ohun tó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Ohun rere ni, èmi náà ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni màmá mi ti mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ náà jáde tán, iṣẹ́ akọ̀wé kò kárí. Ìjọba wá dá oko àjùmọ̀gbé sílẹ̀, irú ti Àkùfọ̀ àti Ìlọrá, wọ́n wo àwòkọ́ṣe Ísírẹ́lì, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ lọ máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n máa dáko. Ọ̀pọ̀ wọn ló gba ìgboro lọ. Ta ni ẹ fẹ́ kó bú wọn? Ọmọ tí ẹ ti ń sọ fún láti kékeré pé ìwé ni yóò yọ ọ́ lóko, ẹ tún wá ní kó padà sóko.

Ti ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì ní girama, mẹ́rin ní yunifásítì), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, kò gùn láti sọ. Wọ́n ra ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Níbi púpọ̀, inú àpótí tí wọ́n fi kó o wá ló dógùn-ún sí: kò síná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò.

Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó tóbi jù nílẹ̀ wa kò ní pátákó ìjọba lẹ́nu ọ̀nà. Abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì mẹ́káníìkì ni, ìsọ̀ káfíńtà ni, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni. Òbí á mú ọmọ lọ, wọ́n á kọ̀wé àdéhùn, wọ́n á san owó ìwọṣẹ́. Ọmọ á lo ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Lọ́jọ́ tó bá gba fíríìdọ̀mù, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á gbàdúrà, ọ̀gá á gbé àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Mo fẹ́ràn ètò yìí, n kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ bo àbùkù rẹ̀.

Àǹtí mi kan kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ọdún kan gbáko ló fi pọn ọmọ ọ̀gá, tó fi pọnmi, tó fi gbálẹ̀. Nígbà tó wá kan iṣẹ́ gan-an, gbogbo ìgbà tó bá ti ku kí ọ̀gá gé aṣọ, á ní, "Sáré bá mi ra ẹ̀wà wá." Kí àǹtí mi tó dé, aṣọ ti di ègé-ègé. Ó mọ̀ ọ́n rán, kò mọ̀ ọ́n gé. Ó gba fíríìdọ̀mù tán, ó tún lọ sanwó fún ọ̀gá mìíràn nítorí gígé nìkan. Àwọn òbí wa a máa tu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú pé bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe náà dára, àmọ́ ẹni tí a rán ni wọ́n pa á fún. Kò ní kí ọ̀gá máa wá iṣẹ́ ẹrú kiri láti rán ọmọ ọlọ́mọ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọ̀gá. Tó bá jẹ́ kí ọmọ gé aṣọ, ọmọ á gé e bà jẹ́. Ta ni yóò san án fún oníbàárà? Tí ọmọ bá sì tètè mọ̀ ọ́n, á sá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, á kó oníbàárà dání. Ẹ̀wà tí wọ́n ń rán ọmọ lọ rà yẹn, ẹ̀rù ló wà nídìí rẹ̀.

Níbí ni òwe mìíràn ti wọlé: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A máa ń fi bá ọ̀dọ́ onígbéraga wí, ṣùgbọ́n ẹ wo àkísà yẹn dáadáa. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, àkísà ni aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ ti gé bà jẹ́ kó tó gé èyí tó dọ́gba. Àkísà ni iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí YouTube lè fún ẹ láṣọ, kò lè fún ẹ lákìísà. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà mọ̀ ọ́n. Andela, ilé iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2014, kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà náà, láti máa ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkè òkun. Ní 2019, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó tó nǹkan bí 400 máa lọ, ní Nàìjíríà, Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà, nítorí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni oníbàárà ń bèèrè. Ọpọlọ àwọn ọmọ náà pé, àkísà wọn ni kò tíì pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí owó wà lọ́wọ́ yín sọ kò ju èyí lọ: ẹ san owó àkísà. Owó kánópì àti ìlù ọjọ́ yẹn, ká ní wọ́n pín in fún ọ̀gá mẹ́wàá, kí kálukú gba ọmọ méjì, kí wọ́n fi ra aṣọ tí ọmọ yóò bà jẹ́ àti pákó tí yóò gé sódì, kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ dán àwọn ọmọ náà wò kí ìyókù owó ọ̀gá tó jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá gbé ẹ̀rọ fún wọn. Kò ní dé ọjà.

Àwọn ará Bénin, níbi tí Kétu àti Pọ́bẹ̀ wà, ti gbìyànjú ohun tó jọ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ lè wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀, kó máa yà sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ìwọ̀nba àkókò, kó ṣèdánwò, kó gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní CQP. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́nà àtijọ́ pátápátá náà ní tirẹ̀, CQM. N kò sọ pé ìwé wọ̀nyí ló mú kí àwọn tó ń kọ́lé l'Ékòó máa wá ọmọ Kútọnu àti ọmọ Tógò láti lẹ táìlì, àmọ́ tí mo bá ti rí ilẹ̀ ilé tó dọ́gba, ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àwa náà ní tíréèdì tẹ́ẹ̀sì, ìdánwò ìjọba fún oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ bi mẹ́káníìkì yín bóyá ó ṣe é.

Oṣù tó kọjá, mo mú ọmọ àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ iná ọkọ̀, èyí tí à ń pè ní ríwáyà. Bàbá náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún, imú ló fi ń mọ wáyà tó ti jó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayé òde òní, kọ̀ǹpútà ló wà nínú wọn, ẹ̀rọ tó sì ń yẹ̀ wọ́n wò, Òyìnbó ló ń sọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Mo ti múra owó ìwọṣẹ́ sílẹ̀, mo ti múra bí n ó ṣe nájà rẹ̀. Bàbá kò tiẹ̀ wojú mi. Ọmọ náà ló ń wò.

"Ṣé ó lè ka Òyìnbó?"

Mo ní, "Ó lè kà á, bàbá."

Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú ẹ̀rọ náà jáde nínú àkísà tó fi wé e, ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́. "Ó yá, ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."