Oòrùn kọ́ ló ń mú dẹ́kìn le

Láti Ìbàdàn dé Ìkòròdú, kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé tí ẹ ò ti ní gbọ́ ọ: "Dádì, ẹ jẹ́ kí oòrùn lù ú, á le dáadáa." Wọ́n á da dẹ́kìn láàárọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún oòrùn ọ̀sán. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, tó ti funfun, tó ń dún gbọ̀ngbọ̀n lábẹ́ bàtà, inú onílé á máa dùn pé iṣẹ́ ti gbẹ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń tọ́jú owó wọn de ọyẹ́, nítorí wọ́n gbà pé òjò ló ń ba kọnkéré jẹ́, ọyẹ́ ló sì ń mú un gan.

Nínú gbogbo àṣìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ilé kíkọ́, èyí ló ń bí mi nínú jù, torí àtúnṣe rẹ̀ kò ju omi lọ.

Kọnkéré kì í le nítorí pé omi kúrò lára rẹ̀. Omi tó dúró sára rẹ̀ ló ń mú un le. Kété tí omi bá kan sìmẹ́ńtì, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà: sìmẹ́ńtì á gba omi mọ́ra, á sì máa hu àwọn nǹkan tín-ín-rín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n á wọnú ara wọn, tí wọ́n á di yanrìn àti gíránáìtì mú pinpin. Ẹ fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ tó nípọn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dà á, ẹ ó rí i pé ó ń móoru. Iṣẹ́ yẹn ló ń mú ooru jáde láti inú, oòrùn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Kì í sì í parí lọ́jọ́ kan. Bí omi bá wà níbẹ̀, á máa lọ fún ọ̀sẹ̀, á máa lọ fún oṣù. Bí omi bá tán, ibi tó bá dé ló máa dúró sí. Dẹ́kìn tó funfun lọ́jọ́ kẹta kò tíì le tán; òùngbẹ ló dá a dúró.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó wo abẹ́ Third Mainland Bridge ní Èkó. Láti ọdún 1990 tí wọ́n ti parí afárá náà, inú ọ̀sà ni àwọn òpó rẹ̀ wà tọ̀sán-tòru, omi kò sì sọ wọ́n di ẹrọ̀fọ̀. Tàbí kó lọ sí ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń dán kọnkéré wò. Wọ́n á bu kọnkéré láti ibi iṣẹ́, wọ́n á fi rọ kúbù tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 150. Bó bá ti dì tán, inú ọpọ́n omi ni wọ́n ń kó o sí títí di ọjọ́ tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́, lọ́jọ́ keje tàbí lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Agbára ọjọ́ 28 yẹn ni ẹnjiníà fi ń ṣírò ilé yín. Ní ọjọ́ keje, bí ó bá ń rómi, ó sábà máa ń ti ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀. Bó bá jẹ́ oòrùn ló ń mú kọnkéré le ni, orí òrùlé ni wọn ì bá máa sá àwọn kúbù yẹn sí.

Kí ló wá mú kí ìgbàgbọ́ yìí rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Èrò tèmi ni pé ọ̀dọ̀ amọ̀ la ti jogún rẹ̀. Àwọn bàbá wa tó ń fi amọ̀ mọlé ò ṣì í. Wọ́n á fẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan yíká, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é, nítorí amọ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà le ju kí omi kúrò lára rẹ̀ lọ, bí òjò bá sì nà án púpọ̀, á padà di ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n yẹn pé fún amọ̀. Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, a kàn gbé ọgbọ́n amọ̀ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ mú àfọ́kù ògiri amọ̀ kan àti àfọ́kù kọnkéré kan, ẹ jù wọ́n sínú garawa omi, kí ẹ padà wá wò wọ́n lọ́la.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé omi tí wọ́n ń fi du kọnkéré lẹ́yìn tó bá ti dì, wọ́n ti dà á sí i láìnídìí nígbà tí wọ́n ń pò ó. Kọnkéré tó ń ṣàn rọrùn fún lébírà láti tẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi máa ń wà nídìí òkìtì tí wọ́n ń pò tó ń pariwo pé kí wọ́n da omi sí i. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Omi tí sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ máa lò láti fi yí padà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n yẹn lọ. Ìyókù wà kí ṣọ́bìrì lè rí i pò ni. Fún dẹ́kìn ilé gbígbé, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 kan sọ́kàn fún àpò kan, kó sì dín bí yanrìn bá tutù. Èyí tó bá lé á gba àyè láàárín kọnkéré. Bó bá jáde, ihò ló máa fi sílẹ̀, ihò kì í sì í gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n omi tí ẹ bá dà lé e lórí lẹ́yìn tó ti dì kò lè la ihò kankan mọ́, àyè èyí tí oòrùn ń fà lọ ló kàn ń dí.

Ọyẹ́ tí wọ́n ń dúró dè yìí gan-an ló burú jù. Atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á fa omi kúrò lójú dẹ́kìn kíákíá ju bí omi ti ń ru sókè láti inú lọ. Ojú rẹ̀ á sún kì, á sì sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bíríkìlà á ní kò sí wàhálà, á po sìmẹ́ńtì tó ṣàn, á fi pa á lójú. Awọ òde yẹn ló ń jìyà jù nínú kọnkéré tí kò rómi, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dáàbò bo irin tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fàtẹ́lẹwọ́ nù ún, ẹ̀ẹ́ rí eruku funfun. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti òjò á gbà wọlé tọ irin lọ, pàápàá létí òkun tí iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Irin á dípẹtà, á wú, á ti kọnkéré já bọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, onílé á ní oníirin ló rẹ́ òun jẹ.

Omi ò sì lè wo gbogbo àìsàn. Ní ọdún 2014, SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, là á sílẹ̀ pé sìmẹ́ńtì 32.5 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí sìmẹ́ńtì ṣe lágbára tó) wà fún fífi rẹ́ ògiri, pé 42.5 ni kí wọ́n máa fi ṣe bulọ́ọ̀kù, òpó àti dẹ́kìn. Ẹni tó bá fi 32.5 da dẹ́kìn kò gbọdọ̀ máa retí pé tánkà omi ló máa gba òun.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ dà á ní kùtùkùtù tàbí nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi ọ̀rá bò ó bí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ tán. Bí ẹ bá fi èékánná ha á tí kò gba àpá mọ́, ó ti tó omi í gbà. Kí ó tó dìgbà yẹn, ńṣe lomi máa fọ sìmẹ́ńtì lọ. Ìdí tí òjò wákàtí àkọ́kọ́ fi burú nìyẹn, tí tápólì fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Lẹ́yìn tó bá ti dì, kí òjò máa rọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Fún dẹ́kìn, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí wọ́n fi yanrìn ṣe ebè yí etí rẹ̀ ká, kí wọ́n da omi kún un. Ara òpó kì í gba omi dúró, nítorí náà ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù wé e, kí ẹ fi ọ̀rá dì í. Ọjọ́ méje ló kéré jù, ọjọ́ mẹ́wàá nínú ọyẹ́. Ẹ má wọ́n ọn láàárọ̀ kí ẹ wá jẹ́ kó gbẹ tán lọ́sàn-án. Omi tó ṣeé mu ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti òkun. Tí ẹ bá tiẹ̀ fún un lómi dáadáa, ẹnjiníà ni kó sọ ọjọ́ tí wọ́n máa yọ pákó àti ọparun abẹ́ rẹ̀.

Bulọ́ọ̀kù náà ń kọ́? Wọ́n á rọ ọ́ lónìí, wọ́n á sá a, wọ́n á tà á lọ́túnla, oníbàárà á sì máa ṣa èyí tó funfun jù. Ẹ yọ sí oníbulọ́ọ̀kù nírọ̀lẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ ibi tó tò wọ́n sí bá gbẹ táútáú, ẹ fi ìka pa igun ọ̀kan. Bí yanrìn bá ń já bọ́, ẹ wá òmíràn lọ.

Ibi tí mo ti fara mọ́ oòrùn ni ọ̀dà. Ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, bó bá ti rómi rẹ̀ mu tán, ó nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó fi gbẹ dáadáa kí ọ̀dà tó kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀dà á wú, á sì máa bó. Ibẹ̀ wá ni onílé tó ti ń dúró de oòrùn láti ìpìlẹ̀ á ti máa kánjú, torí ó fẹ́ ṣílé nígbà Kérésì.