Àìkú Ẹkìrì

Àìkú ẹkìrì, a kì í fi awọ rẹ̀ ṣe gbẹ̀du. Gbẹ̀du, ìlù ọba ni. Bó ti wù kó dá ọ̀dẹ lójú tó, níwọ̀n ìgbà tí ẹran náà bá ṣì ń mí nínú igbó, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ máa wọn awọ rẹ̀. Ẹni tó ń náwó tí kò tíì wọlé la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Lónìí, àwa tí a ní aláìsàn jẹjẹrẹ nílé ni mo fẹ́ pa á fún, àwa tí dókítà ti sọ fún pé àìsàn náà kọjá ohun tí wọ́n lè wò tán.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí. Bí aláìsàn bá wọ pálọ̀, ẹnu gbogbo á pa mọ́. A ò ní dárúkọ àìsàn náà, “nǹkan yẹn” la ó máa pè é. A ó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. A ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń dá owó aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, ọdún wa ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ kì í ràn. Lóru, lẹ́yìn tó bá ti sùn, ẹbí á jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìfẹ́ la fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dun aláìsàn dọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti wọ egungun. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́. Ọmọ rẹ̀ sáré gba ewùrà lọ́wọ́ rẹ̀: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dùbúlẹ̀.” Ó wo ọmọ náà títí, ó ní, “Ṣé mo ti kú ni?” Ni wọ́n bá gbé àga sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì fún un. Ọmọ ló ń rin ewùrà lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, ṣùgbọ́n ìyá ló ń tọ́ iyọ̀ wò, òun ló ń ka ẹja tó ń wọ ìkòkò. Bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ ṣù ewùrà náà sínú ọbẹ̀ tán, tí ọmọ fẹ́ ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ìyá pariwo: “Má rò ó o! Dé e. Jẹ́ kó dì ná!” Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn, ohùn ìyá tó ń pàṣẹ nínú ilé ara rẹ̀. Kò lè jẹ púpọ̀ nínú oúnjẹ náà. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí a ò kú, ìṣe ò tán. Ẹni tó ń ṣàìsàn yìí ṣì lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ oríkì ìdílé délẹ̀délẹ̀. Ó lè ní àbúrò tí wọn ò jọ sọ̀rọ̀ mọ́, tó ń fẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀. Ó lè fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Kí wọ́n ṣì máa bi í léèrè, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì máa múlẹ̀, ibẹ̀ ni ayọ̀ rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ìrora kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ adùn kankan. Cicely Saunders, nọ́ọ̀sì tó padà di dókítà, tó dá St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kọjá wíwò tán, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967, kọ́ àwọn oníṣègùn pé ìrora irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ara nìkan: ti ọkàn wà níbẹ̀, ti ẹbí wà níbẹ̀, ti ẹ̀mí náà wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fún wọn ní oògùn lákòókò, kí ìrora tó dé. Mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, wà fún un. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà wá, a ní yóò tètè pa aláìsàn. Bí dókítà bá díwọ̀n rẹ̀ bó ṣe yẹ, kì í pa ni. Ó máa ń mú kí inú dè, kí ìgbẹ́ má tètè yà, nítorí náà kí wọ́n fi oògùn tó ń mú inú rọ̀ kún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sì pọn dandan ká dúró di ìgbà tí gbogbo nǹkan bá bàjẹ́. Lọ́dún 2010, àwọn oníṣègùn ní Boston l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn ká. Àwọn tí wọ́n tètè fún ní irú ìtọ́jú tó ń mú ìrora àti ìnira fúyẹ́ yìí, mọ́ ìtọ́jú jẹjẹrẹ gan-an, ọkàn wọn fúyẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Ìdajì wọn lò ju oṣù 11.6 lọ láyé, lọ́dọ̀ àwọn yòókù, oṣù 8.9 ni.

Ẹ máa gbàdúrà o. Àdúrà kò bá oògùn jà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ da oògùn nù kí àdúrà tó lè gbà, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí dókítà ti bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni wọn awọ yín. Bí ẹkún bá dé, ẹ sun ún. Bí ẹ bá fẹ́ bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yín, ra aṣọ Ojúde Ọba tó ń bọ̀, ẹ rà á. Bí ọjọ́ kẹta Iléyá bá bá yín láyé, ẹ wọ̀ ọ́. Bí kò bá bá yín, ẹ ṣáà ti yan àwọ̀, ẹ ti bá aránṣọ jiyàn lórí ọrùn aṣọ. Inú ayé lẹ wà nígbà tí ẹ ń ṣe gbogbo ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá tún lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe ní Ṣágámù, ìbáà ṣe ní UCH Ìbàdàn tó ní ẹ̀ka fún irú ìtọ́jú yìí, kí ẹbí bèèrè pé ta ló ń mójú tó ìrora níbẹ̀, kí sì ni ká lò bó bá dé lóru. Kí aláìsàn fúnra rẹ̀ wà ní ìjókòó. Kó sọ ohun tó ń fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ náà, ì báà jẹ́ kó jókòó títí ìsìn á fi parí, tàbí kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọjà, kí dókítà sì fi ìyẹn díwọ̀n oògùn fún un.