Ìràwọ̀ Mélòó Ni Bàbá Onílé Máa Fún Wa?

Àwọn tó wà nínú eré:

MÚFÚ, ó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin. Iṣẹ́ tó gbà lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn. Èyí tó gbà lọ́kàn ẹ̀ ni kó máa fún gbogbo nǹkan ní ìràwọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ kan: fíìmù, yàrá àjàbọ́, àti àwọn tó ń tọrọ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí.
BÀBÁ ONÍLÉ, Múfú jẹ ẹ́ lówó ilé.
ÌYÁ ALÁJỌ, ó ń ta gààrí, ó ń gba àjọ.
WÀSÍÙ, onízémìjàn, ìyẹn ọlọ́kadà.
ONÍBÀÁRÀ WÀSÍÙ, ìta ló wà. A ò ní rí i, a máa gbọ́ ọ.

[Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Múfú. Àpò gààrí wà ní igun kan. Àpótí onígi wà láàárín, àgádágodo onínọ́ńbà mẹ́rin ló wà lẹ́nu ẹ̀. Fọ́tò Ọba Toffa, kàlẹ́ńdà àtijọ́ àti bàtà ẹsẹ̀ kan wà lára ògiri.]

MÚFÚ: Ẹ káàbọ̀ o! Bàbá, ẹ rọra tẹrí ba, ẹnu ọ̀nà yẹn kúrú.

BÀBÁ ONÍLÉ: Èmi ni mo kọ́ ọ. Múfú, o ní kí n wá gba owó ilé.

MÚFÚ: Mo ní kẹ́ ẹ wá, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ fi owó ilé kún un.

WÀSÍÙ: Ẹ jẹ́ ká yára. Oníbàárà mi wà lórí ọ̀kadà níta, Adjarra ló ń lọ. Mo ní mo fẹ́ tọ̀ ni.

MÚFÚ: Ẹ gbọ́ òfin. Mo máa ti ilẹ̀kùn. Ẹ ní ìṣẹ́jú 60. Mo ti fi àmì pamọ́ káàkiri yàrá yìí. Ẹ wá wọn rí, ẹ rò wọ́n pọ̀, wọ́n á sọ nọ́ńbà tó ń ṣí àpótí fún yín. Inú àpótí ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà. Yàrá àjàbọ́ nìyẹn.

ÌYÁ ALÁJỌ: Ta ló tì wá mọ́lé?

MÚFÚ: Èmi ni, Màmá.

ÌYÁ ALÁJỌ: Kí la fi ṣe ọ́?

MÚFÚ: Eré ni! Ìlú Kyoto ní Jàpáànù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2007. Ó dé Budapest lọ́dún 2011, ó sì gba gbogbo Yúróòpù. Èmi ṣe é ní Paris nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. 30 yúrò lẹ́nì kan.

WÀSÍÙ: Èló nìyẹn ní sẹ́fà?

ÌYÁ ALÁJỌ [kò tiẹ̀ ronú]: Ó lé ní 19 600.

MÚFÚ: Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀. Àgádágodo ti pọ̀ jù. Ẹni tó mọ eré ṣe kì í kàn kó àgádágodo kalẹ̀, á jẹ́ kéèyàn fi etí gbọ́ nǹkan, kó fi ọwọ́ wá a. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó ń fi kámẹ́rà ṣọ́ wa, ká tó béèrè ló ti ń tọ́ wa sọ́nà. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

BÀBÁ ONÍLÉ: Dúró ná. 15 000 ni mo ń gbà lóṣù lórí yàrá yìí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ, o ń wọlé, o ń jáde bó ṣe wù ẹ́, o ò san án. Òyìnbó tì ẹ́ mọ́lé fún wákàtí kan, o ka 19 600 sílẹ̀ fún un?

MÚFÚ: Wọ́n ní kámẹ́rà, Bàbá.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ó dáa. Màá ra kámẹ́rà.

WÀSÍÙ [ó gbé bàtà dání, ó ń wo inú ẹ̀]: Mo ti rí àmì àkọ́kọ́ o. 42 ni wọ́n kọ sí i nídìí.

MÚFÚ: Wàsíù, bàtà mi nìyẹn.

WÀSÍÙ: Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?

MÚFÚ: Èmi náà ń wá a.

[Bàbá Onílé fa imú.]

BÀBÁ ONÍLÉ: Kí ló ń rùn bẹ́ẹ̀?

WÀSÍÙ: Kpayo ni, Bàbá, epo bẹntiróòlù. Lítà méjì péré. Mo gbé e wọlé kí oníbàárà mi má baà jókòó tì í.

MÚFÚ [ojú ẹ̀ yí padà]: Gbé e jáde! Gbé e jáde kíákíá! Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, ibi tí mi ò ti ń ṣeré nìyí. Oṣù kìíní ọdún 2019, ní Koszalin ní Pólàńdì, iná ṣẹ́ yọ nínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá yìí. Ọmọbìnrin márùn-ún, ọmọ ọdún 15, ni wọ́n ò rí ọ̀nà jáde.

ÌYÁ ALÁJỌ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ ọlọ́mọ.

MÚFÚ: Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà kí n tó wo eré. Ilẹ̀kùn tí èèyàn ò lè ṣí nígbà tó bá fẹ́, òdo ni mo ń fún un. Kódà bí gbogbo yòókù bá dùn bí oyin.

[Wàsíù fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí wọ̀ọ̀. Ó gbé kpayo jáde, ó sì padà wọlé. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀kùn.]

BÀBÁ ONÍLÉ: Ilẹ̀kùn yìí ò tì?

MÚFÚ: Kò gbọ́dọ̀ tì, Bàbá. Ẹ kàn máa ṣe bí ẹni pé ó tì ni.

BÀBÁ ONÍLÉ: Èmi àti ìwọ là ń jọ ṣe bí ẹni pé láti oṣù méjì.

[Ó fa àpótí ìjókòó kan, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀.]

BÀBÁ ONÍLÉ: Ẹ bá eré yín lọ. Wàsíù, bí o bá fẹ́ jáde, màá gbé ẹsẹ̀ fún ẹ. Ìyá Alájọ, ẹ̀yin náà. Múfú ni mò ń bá wí. 30 000.

ONÍBÀÁRÀ [láti ìta]: Onízémì! Ìtọ̀ wo lò ń tọ̀ látàárọ̀?

[Nígbà tí ọ̀ràn owó bá délẹ̀, Múfú máa ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú fíìmù lọ. Gbogbo Ouando ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.]

MÚFÚ: Bàbá, ṣé ẹ ti wo fíìmù Dahomey? Ti Mati Diop. Òun ló gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Berlin lọ́dún 2024. Ìṣẹ́jú 68 péré, ó parí!

ÌYÁ ALÁJỌ: Ìṣẹ́jú 68? Àwa ń lo ìyẹn láti fi mọ́tò ọ̀gá hàn bó ṣe ń wọ ọgbà.

MÚFÚ: Ẹ ẹ̀ rí i, Màmá? Bí mọ́tò bá wọ ọgbà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, mo ti yọ ìràwọ̀ kan. Bí wọ́n bá wá ní ká máa retí apá kejì nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ bàbá ẹ̀, mo yọ méjì.

WÀSÍÙ: Kí ni wọ́n ṣe nínú ti Dahomey yẹn?

MÚFÚ: Ẹrù 26 ni, ti ààfin Àbọ̀mẹ̀, àwọn ère ọba àtàwọn ìtẹ́. Wọ́n ń dá wọn padà wálé láti Paris. Inú àpótí ni wọ́n kó wọn sí, ọ̀kan nínú àwọn ère náà wá ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, lédè Fọ̀n.

ÌYÁ ALÁJỌ: Ère ń sọ̀rọ̀?

MÚFÚ: Ohùn ẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

ÌYÁ ALÁJỌ: Mi ò ní wo ìyẹn lálẹ́.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ìgbà wo ni wọ́n kó àwọn ẹrù ọ̀hún?

MÚFÚ: Ọdún 1892, Bàbá, nígbà tí ọmọ ogun Faransé wọ Àbọ̀mẹ̀.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ìgbà wo ni wọ́n dá wọn padà?

MÚFÚ: Oṣù kọkànlá ọdún 2021.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ọdún 129. Faransé fúnra ẹ̀ gbìyànjú, ó dá ẹrù padà. Ìwọ, oṣù méjì!

[Múfú dákẹ́. Ó ṣí ìwé ẹ̀, ó pa á dé.]

WÀSÍÙ: Mo fẹ́ kó o tọ́ mi sọ́nà. Kí ni nọ́ńbà àpótí yìí?

MÚFÚ: Kò ṣe é sọ bẹ́ẹ̀. Àmì kan wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, iná aláwọ̀ àlùkò ló ń gbé e jáde. Ó máa gbé yín lọ sí fọ́tò, fọ́tò á gbé yín lọ sí…

BÀBÁ ONÍLÉ [ó ń wo fọ́tò láti orí ìjókòó]: Ṣé ọdún tí Toffa wàjà ni? 1908.

[Ìyá Alájọ yí nọ́ńbà. Àgádágodo já.]

MÚFÚ: Bàbá! Ìṣẹ́jú 40 ni mo pín fún ìyẹn!

BÀBÁ ONÍLÉ: Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí. Ìwọ lò ń fi ọba wa pa àlọ́ fún mi?

ÌYÁ ALÁJỌ: Kọ́kọ́rọ́ rèé. Kí ni ti ẹ̀ǹfẹ́lóòpù yìí?

MÚFÚ [ó sáré]: Ìyẹn ò sí nínú eré, Màmá!

ÌYÁ ALÁJỌ [ó ti kà á tán]: 20 000.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ẹ gbé e wá síbí.

MÚFÚ: Bàbá, mo ti ṣèlérí owó yẹn! Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ń ṣe ife tó ń po tíì fúnra ẹ̀. Bí owó bá pé, wọ́n á ṣe é, wọ́n á fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi.

WÀSÍÙ: Ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Fìtílà olóòrùn tó o sanwó ẹ̀?

MÚFÚ: Ó kù díẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń kọ̀wé sí wa.

BÀBÁ ONÍLÉ: Kí ni wọ́n ń kọ?

MÚFÚ: Pé ó kù díẹ̀.

BÀBÁ ONÍLÉ: O wá mọ bó ṣe ń rí lára mi.

ÌYÁ ALÁJỌ: Ẹ jẹ́ kí n yé e. Àjọ ni wọ́n ń dá. Ta ló ń kó o?

MÚFÚ: Ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan ló ń kó gbogbo ẹ̀.

ÌYÁ ALÁJỌ: Àwọn yòókù ńkọ́?

MÚFÚ: Wọ́n á máa retí ife.

ÌYÁ ALÁJỌ: Ẹni tó ń gbà á jọ, èló ni tiẹ̀?

MÚFÚ: Kickstarter, ìkànnì tó ń gba irú owó yìí jọ, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, 5 nínú 100 ni wọ́n ń mú. Àwọn tó ń gba owó lórí káàdì tún ń mú tiwọn.

ÌYÁ ALÁJỌ: Haà! Èmi tí mò ń fi ẹsẹ̀ mi rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, owó ọjọ́ kan nínú 31 ni mò ń mú. Kò tó 4 nínú 100. Tí oṣù bá sì parí, olówó á gba owó ẹ̀, kì í ṣe ife.

MÚFÚ: Ẹ má fojú tín-ín-rín ẹ̀, Màmá. Ère Òmìnira tó wà ní New York, ìpìlẹ̀ tó dúró lé ni wọ́n ò rówó kọ́. Ọdún 1885, ìwé ìròyìn Joseph Pulitzer ní kí ará ìlú dáwó. Ó lé ní 100 000 dọ́là! Ọ̀pọ̀ wọn ò dá tó dọ́là kan, síbẹ̀ ó tẹ orúkọ gbogbo wọn jáde.

ÌYÁ ALÁJỌ: Ṣé ère ìyẹn náà ń sọ̀rọ̀?

MÚFÚ: Rárá. Lọ́dún 2014, ẹnì kan ní òun fẹ́ dọ́là 10 láti fi po sàláàdì ànàmọ́ òyìnbó. Wọ́n fún un ní ohun tó lé ní 55 000.

BÀBÁ ONÍLÉ: Onílé ẹ̀ á mà jẹun kanlẹ̀ lọ́dún yẹn o. 20 000 rèé lọ́wọ́ mi. Ó ku 10 000.

[Múfú wo Ìyá Alájọ, ó wo Wàsíù. Ó gun orí àpótí.]

MÚFÚ: Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ gba owó jọ! 10 000 ni mo ń wá. Ẹnikẹ́ni tó bá dá owó, mo máa lẹ gíláàsì tuntun sójú fóònù ẹ̀ lóṣù Kejìlá.

ÌYÁ ALÁJỌ: Oṣù Kejìlá ọdún wo?

MÚFÚ: Màmá! Òfin kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa fẹ́ràn. Bí owó ò bá pé, a ò ní mú kọ́bọ̀, oníkálukú á gba tiẹ̀ padà.

ÌYÁ ALÁJỌ: Ìyẹn dára. Ọwọ́ mi ni owó á wà. Mo fi 5 000 sílẹ̀, o máa san án padà fún mi ní 200 lójúmọ́, ojoojúmọ́ ni màá dé. Mi ò fẹ́ gíláàsì.

WÀSÍÙ: 2 000. Ṣùgbọ́n sọ bàtà yẹn di àmì nínú eré.

ONÍBÀÁRÀ [láti ìta]: Èló ló kù tí ọkùnrin yìí á fi jáde?

MÚFÚ: Ẹ ṣe ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá lè ṣe!

[Ọwọ́ kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú 500. Bàbá Onílé gbé ẹsẹ̀ fún un.]

ÌYÁ ALÁJỌ: 7 500. Ó tán? Kò sẹ́lòmíràn? Kò pé. Oníkálukú wá gba tiẹ̀.

[Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó padà.]

BÀBÁ ONÍLÉ: Ẹ dúró, ẹ dúró! Ẹ gbé 7 500 yẹn wá fún mi.

ÌYÁ ALÁJỌ: Kò ṣe é ṣe, Bàbá. Kò pé. Òfin ni.

BÀBÁ ONÍLÉ: Èló ló kù?

ÌYÁ ALÁJỌ: 2 500.

BÀBÁ ONÍLÉ: Bí ẹnì kan bá fi 2 500 sí i báyìí, èmi ni mo máa kó 10 000?

ÌYÁ ALÁJỌ: Ẹ̀yin náà ni.

[Bàbá Onílé ronú. Ó fi ìka ṣírò. Ó wo Múfú bí ẹni máa gbá a létí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó yọ 2 500.]

BÀBÁ ONÍLÉ: Ẹ gbà.

ÌYÁ ALÁJỌ: Ó pé! Bàbá, 10 000 yín rèé.

WÀSÍÙ: Bàbá dá owó ilé tiwọn!

BÀBÁ ONÍLÉ: Dákẹ́ ẹnu ẹ. Fi mí sórúkọ àwọn tó máa gba gíláàsì.

[Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Múfú ṣí ìwé ẹ̀, ó fa bírò yọ.]

MÚFÚ: Bàbá, ìràwọ̀ mélòó lẹ fún eré náà?

BÀBÁ ONÍLÉ: Márùn-ún. Mi ò rí ilé ẹjọ́ tó yá tó èyí rí. Lọ́la, aago mẹ́wàá, mò ń mú ayálégbé mẹ́ta bọ̀. Sọ fún wọn pé eré ni.

ÌYÁ ALÁJỌ: Bàbá, èmi náà ní àwọn kan tí wọ́n kó àjọ tán tí wọ́n sì sá lọ. Ṣé a lè fi wọ́n sí ti ọ̀sán?

BÀBÁ ONÍLÉ: Ẹ mú wọn wá. Màá fi tìmùtìmù sórí ìjókòó yìí.

MÚFÚ [ó ń kọ̀wé, inú ẹ̀ ń dùn]: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká wá sọ̀rọ̀ owó. Èló lẹ máa san fún mi lórí yàrá náà?

BÀBÁ ONÍLÉ: Yàrá ta ni?